Aláìsàn Ayédèrú Tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Rán Níṣẹ́

Wọ́n fẹ́ ara wọn. Ẹ ti fura tẹ́lẹ̀, a ò sì ní máa fi í pamọ́ fún yín bí ẹni ń fi ẹran pamọ́ fún ọmọdé. Bí ọkùnrin tó wọ dígí ojú bá wọ ilé ìlera kan láàárọ̀, tí obìnrin tó ń bójú tó ibẹ̀ sì lé e dìde lórí àga kí ọ̀sán tó pọ́n, kí lẹ tún ń retí? Ìgbéyàwó náà ló máa kángun sí. Ohun tó kù tó yẹ ní sísọ ni bí ọkùnrin tó kàwé títí ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀ ẹ́ ṣe ń fo fèrèsé wọ ilé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n ń pè é. Kò tíì di ọ̀jọ̀gbọ́n o. Aládùúgbò kan ló fi ṣeré pè é bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan tó rí i tó ń kàwé níta tí òjò sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa á, òun náà kò sì bá a jiyàn. Orúkọ tó bá dùn, ta ló ń bi í pé níbo lo ti wá?

Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wádìí bí ìtọ́jú ṣe lè sunwọ̀n sí i láwọn ilé ìlera alábọ́dé, àwọn ilé kéékèèké àárín àdúgbò téèyàn kọ́kọ́ ń sáré lọ bí ara ọmọ bá gbóná tàbí bí òòyì bá ń kọ́ àgbàlagbà. Ṣé wọ́n ń kí aláìsàn? Ṣé wọ́n ń ṣàlàyé ohun tó ń ṣe é fún un, àbí wọ́n kàn ń ki oògùn bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ bí ẹni ń lé onígbèsè? Ṣé wọ́n ń gbọ́ ọ dópin kí wọ́n tó kọ oògùn fún un? Iṣẹ́ gidi ni, iṣẹ́ tó ń ṣeni láǹfààní, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ tó Ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé, ó kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ sí gbọ̀ngàn tí àwọn aláìsàn ti ń dúró, ó wú ikọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe bí ẹni pé mi ò sí níbí. Ẹ kà mí sí ògiri."

Ògiri tó wọ dígí, tó sì mú bírò dání! Ta ni ò ní bẹ̀rù ẹ̀? Kó tó jókòó tán, ilé ìlera náà ti di ọ̀run àwọn áńgẹ́lì. Ẹni tó ń gbálẹ̀ gbá ibi tí bàbá rẹ̀ ò gbá rí. Ìyá Oníhóró, obìnrin tó ń fún èèyàn lóògùn láti ojú fèrèsé, tó jẹ́ pé tẹ́lẹ̀ ńṣe ló máa ń ké pé, "Gbà! Àárọ̀ àti alẹ́! Ẹlòmíì!", bẹ̀rẹ̀ sí í fọhùn bí ẹni ń rẹ ọmọ.

"Bùọ̀dá mi àtàtà, ẹ dákun, ẹ bá mi máa lo eléyìí lẹ́yìn oúnjẹ. Ṣé ó yé yín, olówó mi?"

Káfíńtà kan tí inú ń run ló wà níwájú fèrèsé. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó di irin fèrèsé mú.

"Ìyá Oníhóró, ẹ má fi pamọ́ fún mi. Ṣé mo fẹ́ kú ni?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

"Ohùn yín ni. Ọjọ́ wo lẹ pè mí ní nǹkan rere rí?"

Ẹnì kan ṣoṣo ni ò yí padà. Nọ́ọ̀sì Àgbà ni wọ́n ń pè é, ipò rẹ̀ ló jẹ́ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ orí. Bí wọ́n bá ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ tò ní bí wọ́n ṣe dàgbà sí, òun ló máa dúró lẹ́yìn pátápátá. Ó jáde láti inú yàrá tó ti ń gbọ́ tẹnu àwọn aláìsàn, ó rí aláboyún kan tó fi ọwọ́ ti ìdí, tó fara ti férémù ilẹ̀kùn. Ó wo àga gbogbo. Ojú rẹ̀ wá balẹ̀ sórí Ọ̀jọ̀gbọ́n.

"Ẹ̀yin ògiri," ló wí. "Ògiri kì í jókòó. Ẹ dìde fún aláboyún."

Ẹ̀rín sọ ní gbogbo ilé. Ọ̀jọ̀gbọ́n dìde. Orí ìdúró ló wà títí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ náà, ìgbà tó délé ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé òun ní ẹsẹ̀.

Ẹ má rò pé ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í lálàá bíi tàwọn ẹlẹ́ran ara yòókù. Ọkùnrin tó kàwé kì í kó sínú ìfẹ́ láìkọ́kọ́ yẹ ẹsẹ̀ ibẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ẹni tí wọ́n ń wò kì í ṣe ara rẹ̀. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì Àgbà lé e dìde, ọkàn rẹ̀ balẹ̀: obìnrin yìí kì í ṣe ojú ayé. Ṣùgbọ́n nígbà tó di pé ó gbé omi tútù fún un lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn mú, tó tún béèrè bóyá ó sùn dáadáa, ìyọnu dé. Ṣé èmi ló gbé omi fún ni, àbí bírò mi? Ó mu omi náà bí ẹni ń mu ìdánwò.

Òjò ló ká wọn mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ kọ́kọ́ délẹ̀. Àwọn aláìsàn ti lọ tán. Omi ń ya sílẹ̀ láti orí páànù, àwọn méjèèjì sì fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn kan náà.

"Ó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti ń wò mí," ni Nọ́ọ̀sì Àgbà wí. "Kí lẹ rí?"

"Mi ò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ títí iṣẹ́ á fi parí. Òfin iṣẹ́ ni."

"Ó dáa. Èmi náà ò ní sọ ohun tí mo rí nípa yín."

"Kí lẹ rí nípa mi?"

"Òfin iṣẹ́ ni."

Ó gbìyànjú láti dákẹ́. Kò ṣeé ṣe. "Ẹ kàn sọ díẹ̀ níbẹ̀."

"Ẹ máa ń ti dígí yín sókè bẹ́ ẹ bá fẹ́ parọ́."

"Èmi? Èmi tí mi ò purọ́ rí lẹ́nu iṣẹ́?" Ó ti dígí rẹ̀ sókè.

Ẹ̀rín tí obìnrin náà rín, ó borí ariwo òjò lórí páànù. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbàdúrà nínú ọkàn rẹ̀ pé kí òjò náà má dá mọ́. Ó dá.

Ẹni tó lè dúró níwájú àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ gíga kó sọ̀rọ̀ títí wọ́n á fi tòògbé, ahọ́n rẹ̀ wá lẹ̀ mọ́ èrìgì níwájú obìnrin kan. Ló bá lọ wá alárinà. Ó tò sẹ́yìn àwọn tó ń gba oògùn, nígbà tó kàn án, ó tẹ orí sílẹ̀ lójú fèrèsé.

"Kí ló ń ṣe yín?" ni Ìyá Oníhóró bi í.

"Kò sóhun tó ń ṣe mí."

"Gbogbo ẹni tó bá dúró síbi tẹ́ ẹ dúró sí yìí ló ní ohun tó ń ṣe é."

"Ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì Àgbà ni, mà."

Ìyá Oníhóró bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. "Háà! Àìsàn yẹn. A ò ní hóró ẹ̀ níbí, àmọ́ mo mọ ẹni tó ní in. Ẹ lọ jókòó."

Ọjọ́ kejì ló gbé èsì dé. "Mo ti jíṣẹ́ o. Ó ní òun kì í gba àlàyé àìsàn lẹ́nu ẹni tí kò ṣàìsàn. Ó ní kí onítọ̀hún wá fẹnu ara ẹ̀ sọ ibi tó ń dùn ún."

Ẹnu ọ̀nà àbájáde ni Ọ̀jọ̀gbọ́n ti lọ sọ ọ́ fún Nọ́ọ̀sì Àgbà, ó sì bà á jẹ́ dé ìwọ̀n tó yẹ. "Ìwádìí mi fi hàn pé..." ló fi bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ fi ìwádìí sílẹ̀," ni Nọ́ọ̀sì Àgbà wí. "Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́?"

"Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ."

Ó dún bí ẹni pé ẹlòmíì ló sọ ọ́. Nọ́ọ̀sì Àgbà wo ilẹ̀, ó wo òkè, ó wá wò ó.

"Èmi náà nífẹ̀ẹ́ ẹ," ló wí, bí 'ẹ̀yin' ṣe bọ́ sílẹ̀ láàárín wọn nìyẹn. "Àmọ́ gbọ́ o. Ọ̀nà ìyá rẹ ni kó o kọ́kọ́ gbà. Mi ò ní wọ ilé tí ìyá ọkọ ò bá ti fẹ́ mi. Bí wọ́n bá ní rárá, rárá náà ni."

Ìyá rẹ̀ gan-an wá ni òkè tó wà níbẹ̀. Olùkọ́ àgbà ni, ó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò tíì fẹ̀yìn tì. Òun nìkan ló ń gbé ilé rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n a sì máa lọ kí i lọ́jọ́ Àìkú. Obìnrin tí kò jẹ́ gbà níwájú ọmọ rẹ̀ pé ìka ń ro òun ni. Bí ọmọ bá béèrè àlàáfíà, á ní, "Ìwọ lo yẹ kí wọ́n bi ní àlàáfíà, wo bí ọrùn ẹ ṣe rí." Aṣọ ló ń ká lọ́jọ́ tí ọmọ rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀. Ó gbé aṣọ sílẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì? Kí ló ṣe gbogbo iṣẹ́ tó wà láyé?"

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé."

"Àwọn tó ń jágbe mọ́ èèyàn bí ẹni ń lé ewúrẹ́? Láéláé! Mo ti bá ẹ wo ọmọ lọ́yà tó wà lópòópónà kejì."

"Ọmọ lọ́yà yẹn ò tíì bá mi sọ̀rọ̀ rí, Màmá."

"Ìyẹn gan-an ló wù mí. Ilé yín á tòrò."

"Màmá, ẹ ò tíì rí ọmọ yìí."

"Mi ò sì fẹ́ rí i. Má fẹ́ ẹ. Mo ti wí." Ó gbé aṣọ rẹ̀, ó ń ká a lọ.

Ká má purọ́, títí di ọjọ́ Àìkú yẹn, ọkàn Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣì ń fì sọ́tùn-ún fì sósì. Ó ti sọ pé òun nífẹ̀ẹ́ o, àmọ́ ó ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ìgbà tí ìyá rẹ̀ ní kò gbọ́dọ̀, ìgbà náà gan-an ló di dandan. Láti kékeré ló ti rí bẹ́ẹ̀: gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á ní ebi ò pa òun, gbé e sórí àjà, á wá àkàbà. Ìfẹ́ tó ti ń rọra jó bí iná àtùpà wá ràn mọ́ òrùlé. Kò lè jẹun. Bó bá dé ilé ìlera, á wo Nọ́ọ̀sì Àgbà tó ń di ojú egbò fún ọlọ́kadà kan, á máa jowú egbò.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìyá ti já bọ́ sí i lọ́kàn. Bó bá jẹ́ òótọ́ ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé èmi nìkan ló ń rẹ́rìn-ín sí, tó sì ń jágbe mọ́ àwọn tí kò ní ẹnìkan? Nọ́ọ̀sì Àgbà ò ràn án lọ́wọ́. Bó bá ti béèrè pé, "Màmá ńkọ́?", tó sì rí i tó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, á kàn ní, "Padà lọ bẹ̀ wọ́n," á sì pe aláìsàn tó kàn.

Ibi tó ti ń bẹ̀ kiri ni ọgbọ́n kan ti wá sí i lórí. Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ rẹ̀ ní ète kan: wọ́n á mú ẹni tára rẹ̀ le, wọ́n á kọ́ ọ ní àìsàn, wọ́n á rán an wọ ilé ìlera láìjẹ́ kí òṣìṣẹ́ kankan mọ̀, kí wọ́n lè rí bí wọ́n ṣe ń ṣe sí ẹni tí kò lẹ́nìkan lẹ́yìn. Aláìsàn ayédèrú nìyẹn. Ó sáré lọ bá ìyá rẹ̀.

"Màmá, ẹ má gba tèmi gbọ́. Ẹ fi ojú ara yín rí i. Ẹ lọ síbẹ̀ bí aláìsàn, lọ́jọ́ tí mi ò ní sí níbẹ̀. Ẹ má dárúkọ mi. Bó bá jágbe mọ́ yín, mo fara mọ́ ọn, mo jáwọ́."

Ìyá gbójú sókè. "O jáwọ́?"

"Mo jáwọ́."

"Kí ni màá ní ó ń ṣe mí?"

"Ẹ ní orí ń fọ́ yín, òòyì sì ń kọ́ yín."

"Kí ló dé tí kò lè jẹ́ orúnkún? Orúnkún yẹ àgbà."

"Màmá, orí ni kó jẹ́. Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Ẹ kérora."

Ìyá kérora.

"Ìyẹn pọ̀ jù, Màmá. Ti ẹni tó ń rọbí nìyẹn."

"Ìwọ lo kọ́ mi ní ìrọbí ni?"

Ó kérora mìíràn, èyí tó rọra. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ó dáa. Ó kọ́ ọ bí yóò ṣe fọwọ́ di orí, bí yóò ṣe rìn, bí yóò ṣe lanu bí ẹni tí kò mọ ọ̀nà. Olùkọ́ àgbà jókòó jẹ́ẹ́ bí ọmọ ilé ìwé, ó ń ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní kó ṣe, ó sì ń fi eyín di ètè rẹ̀ mú.

Lọ́jọ́ tó lọ, Ọ̀jọ̀gbọ́n dúró dè é nílé. Ó jókòó, ó dìde, ó yọ dígí, ó nù ún, ó wọ̀ ọ́. Ó ro ọmọ lọ́yà, ara rẹ̀ bù máṣọ. Ìyá dé. Ó bọ́ bàtà, ó tú gèlè, ó béèrè omi. Ó mu ún tán pátápátá, ó wá gbé ife sílẹ̀.

"Fẹ́ ẹ," ló wí.

"Màmá?"

"Mo ní kó o fẹ́ ẹ. Àbí etí ń dùn ẹ́?"

"Ṣé ó kí yín? Ṣé ó jẹ́ kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ dópin? Ṣé ó ṣàlàyé oògùn fún yín?"

"Ó wo ojú mi," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ó fi ọwọ́ mi sí ọwọ́ rẹ̀, ó wo ojú mi, ó ní, 'Màmá, kí ló ń dà yín láàmú?' Ó ti pẹ́ tẹ́nì kan ti bi mí bẹ́ẹ̀ tó sì dúró gbọ́ èsì."

Ọ̀jọ̀gbọ́n fò sókè, ó gbá ìyá rẹ̀ mọ́ra. Inú rẹ̀ dùn torí obìnrin náà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ tún dùn díẹ̀ sí i torí pé ète òun ṣiṣẹ́.

Bàbá ìyàwó kò fa wàhálà. Awakọ̀ ọkọ̀ ńlá ni nígbà èwe rẹ̀, ó sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ kúkúrú.

"Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?"

"Mo máa ń wo bí àwọn èèyàn ṣe ń ṣiṣẹ́, sà."

"Ẹ̀ ń wò wọ́n. Wọ́n sì ń sanwó fún yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Bàbá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Fẹ́ ẹ kíákíá. Irú iṣẹ́ tí mo wá títí tí mi ò rí nìyẹn."

Ọjọ́ ìgbéyàwó mọ́ rekete. Gbọ̀ngàn kún, nítorí kò sí ẹni tí Nọ́ọ̀sì Àgbà ti gún lábẹ́rẹ́ rí tí kò wá. Káfíńtà wá pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Ìyá Oníhóró kó àwọn àgbàlagbà tó ń gba oògùn lọ́dọ̀ rẹ̀ wá, wọ́n gba ìlà méjì gbáko. Ìyá ọkọ jókòó níwájú, ara rẹ̀ ń dán, ó ń pe ìyàwó ní "ọmọ mi" kí wọ́n tó so wọ́n pọ̀ rárá.

Wọ́n ní kí ọkọ sọ̀rọ̀. Kò yẹ kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n gba ẹ̀rọ ìgbohùnsókè, ó sì ṣàlàyé fún gbogbo ayé bí òun ṣe fi ọgbọ́n ìwádìí fẹ́yàwó.

"Ìyá mi kò fẹ́ kí n fẹ́ ẹ," ló wí. "Ṣùgbọ́n òtítọ́ kì í fara sin fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wò. Mo rán ìyá mi, tí kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilé ìlera yẹn rí, tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n níbẹ̀..."

Ìlà àwọn àgbàlagbà bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ìyá Oníhóró ki áńkáṣíìfù bọ ẹnu. Káfíńtà doríkodò, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n dé ibi tó ti kọ́ ìyá rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kérora, ẹ̀rín bú jáde bí omi tó já ìsédò, ìyá rẹ̀ pàápàá sì ń nu ojú. Ọ̀jọ̀gbọ́n tẹrí ba fún wọn lọ́tùn-ún lósì. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òun pani lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀.

Ó jókòó ti ìyàwó rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ mi dùn mọ́ wọn o."

Ìyàwó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ojú rẹ̀ kún fún ẹ̀rín àti àánú. "Ọkọ mi, ṣé kí n sọ ọ́ fún ẹ?"

"Sọ kí ni?"

"Ó ti pẹ́ tí Màmá ti ń gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́dọ̀ mi. Kí n tó mọ̀ pé o wà láyé ni. Wọn ò fẹ́ kó o gbọ́, kó o má bàa máa fi ìwé dà wọ́n láàmú. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ rẹ fún mi. Wọ́n ní, 'Mo ní ọmọ kan tó máa dáa fún ẹ, àmọ́ bí mo bá ní kó fẹ́ ẹ, kò ní fẹ́ ẹ.'"

Ọ̀jọ̀gbọ́n rín ẹ̀rín ẹni tó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. "Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ tí àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru ń wá ni mo wà ní gbọ̀ngàn yẹn. Tó bá jẹ́ òótọ́ ni, màá ti rí wọn."

"Àwa òṣìṣẹ́ lò ń wò," ni ìyàwó rẹ̀ wí jẹ́jẹ́. "Orí bẹ́ǹṣì iwájú ni wọ́n máa ń jókòó sí. Lọ́jọ́ kan, o fẹ́ kọjá lọ síbi tábìlì mi, o ní, 'Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ gbé ẹsẹ̀ yín kúrò lọ́nà.' Wọ́n sì gbé e kúrò."